Yìnyín Lẹ́nu Màmá Mi

Ẹ bá mi kí obìnrin tó ń rún yìnyín lójú aládùúgbò! Ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ta ló tún gbayì tó wọn? Gbogbo ènìyàn ló lè wọ bàtà gogoro, ṣùgbọ́n ẹni tó ní fíríìjì nílé nìkan ló lè rún yìnyín lọ́sàn-án gangan.

Bí mo ṣe ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. Ọjọ́ orí ti dá nǹkan oṣù wọn dúró, wọ́n ní ó ń rẹ àwọn ṣáá. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, wọ́n á jókòó ságbedeméjì, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ife yìnyín lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ dín fáàrí yìí kù jàre. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé a ra fíríìjì."

"Ọ̀mọ̀wé, fi mí sílẹ̀ ṣá. Ara mi ló ń bèèrè ẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n dákú lórí àtẹ̀gùn náà, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fa abẹ́ ojú wọn wálẹ̀. Ibi tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí òwú.

"Irin tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n ti tán lára màmá yìí. Àmì ẹ̀ ni yìnyín tí wọ́n ń wá jẹ yẹn, ẹ ò rí i ni?"

Ẹ̀pà ò bóró mọ́. A ò mú wọn padà wálé.

Ọjọ́ orí ti dá nǹkan oṣù tèmi náà dúró báyìí, ó sì ń rẹ̀ mí. Lánàá, mo gbọ́ ìró eyín lára yìnyín. Mo yíjú sí àtẹ̀gùn, n ò rí ẹnì kankan.

Èmi fúnra mi ni mò ń rún un.