Mẹkáníìkì Tó Ti Múra Ogun Sílẹ̀

Bí mo bá rí aṣọ hárámì tí àwọn alálàájì máa ń ró, mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Hindawíyà, nítòsí Mẹ́kà, ni mo máa ń rántí. Ọkọ̀ mi lè lo oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn ogun kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Àlàájì, nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà pa mọ́tò tì, wọ́n ń ṣe bàálù ogun. Ọlọ́gbọ́n ló ń mọ ohun tí òun máa dà kí ogun tó dé!"

Òun náà ti múra. Kò ní ìwé ìkámà tó fi lè gbélùú, ló bá tọ́jú aṣọ hárámì sábẹ́ àpótí irinṣẹ́. Bí ọlọ́pàá bá dé, ó di ẹni tó ń lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà.

Wọ́n dé lóòótọ́. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti ró aṣọ funfun, ó ń ké "Lábáékà!" Àmọ́ kò rántí fọ ọwọ́. Gbogbo aṣọ náà kún fún àmì ìka dúdú.

Ọlọ́pàá bi í pé: "Yá Háájì, ṣé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lo fi ṣe àlùwàlá ni?"

Nígbà tí ogun tiwọn parí, àwọn ará Amẹ́ríkà padà sídìí mọ́tò. Ìsẹ́yìn ni wọ́n dá ọ̀gá tèmi padà sí. Ẹ́ńjìnnì mi ṣì wà nílẹ̀ ní Hindawíyà, ó ń retí àlàáfíà.