Ife Elétí Wúrà Nílé Jolana

Inú Sista Otília dùn nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro díẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé míṣọ̀n tó wà lẹ́nu àdúgbò àwa ẹ̀yà Roma nílẹ̀ Slovakia kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Košice nítorí itan rẹ̀ tó kán. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ àdúgbò wa níwèé, òun náà ló sì gbé àwọn kan nínú wọn lọ sílé ìwòsàn lọ bímọ. Ó ti dá a lójú pé a máa sáré pàdé òun.

A pàdé rẹ̀ lóòótọ́, a sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni ń kí dókítà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú nìyẹn.

Sista Agáta, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n fi sípò rẹ̀, ló wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí. Kíláàsì ilé míṣọ̀n tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ èdè Slovak ti fẹ́ tú. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni Jolana, àgbà obìnrin apá òkè àdúgbò, ti kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò, gbogbo apá òkè sì ti tẹ̀ lé e. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dé ilé ìwé ìjọba láìgbọ́ èdè Slovak, kíláàsì àwọn tí orí wọn kò pé ni wọ́n máa jù wọ́n sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì wà títí wọ́n á fi dàgbà. Agáta ní òun kò mọ ohun táwọn ṣe fún Jolana. Bí òun bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ife tó dára jù lọ ló fi ń fún òun ní kọfí, èyí tó ní wúrà létí.

Otília mọ ife náà dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí wúrà yẹn tàn yín jẹ o. Nílé Jolana, ife àwọn gajo ni, àwọn tí kì í ṣe ara wa: ọlọ́pàá, ẹni tó ń wo mítà iná, fádà tó wá wọ́n omi mímọ́. Abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ sí, aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó rẹwà kí àlejò má baà fura pé wọ́n ya òun sọ́tọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ara ilé, ife irin aláwọ̀ búlúù kan báyìí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí kò ní ìdìmú mọ́, ni wọ́n máa fi fún un mu. Inú ife yẹn ni Otília ti ń mu kọfí ní gbogbo ọdún tó lò lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó lọ kí Jolana, wọ́n fún un ní àga, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n béèrè bíṣọ́ọ̀bù pàápàá. Lẹ́yìn náà ni ife elétí wúrà jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sì sunkún dé ilé. Nígbà tó tún lọ, bákan náà ló rí.

Ọjọ́ tí òun àti Agáta jọ lọ ni sùúrù rẹ̀ tán. Ó ti ife náà padà sáàárín tábìlì.

"Mi ò mu ún. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, bú mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Sista? Ta ló máa bú yín?"

"Ìwọ ni, Jolana. Láti ìgbà wo lo ti ń pa ẹnu mọ́?"

Ìyàwó ọmọ Jolana tó ń ro ọbẹ̀ nídìí ààrò dúró gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Jolana, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ní kó bú òun ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé Otília, tí Otília kò ní kí wọ́n gbé òun gba ilé Jolana kó fi nǹkan kan ẹnu kó tó lọ, bí ẹni tó ń sá fún ẹ̀gbin wọn. Ó bọ́ sórí Barna ọkọ rẹ̀, tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa nígbà òtútù. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń gbé nílẹ̀ Czech pàápàá wá jókòó ti òkú rẹ̀, àwọn tó bá a jà láyé wá.

"Barna ń béèrè rẹ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ wá fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Káàdì, Otília!"

Otília náà kò gbà. Ó ní wọ́n ti sin Barna tán kí wọ́n tó sọ fún òun, àwọn dókítà sì ti so ẹsẹ̀ òun rọ̀ sókè bí ẹran alápatà. Òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun wá, wọn kò dá òun lóhùn. "Ìwọ ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń lọ sí Košice. Ṣé o wá wò mí lẹ́ẹ̀kan?"

Jolana wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀rù ilé ìwòsàn máa ń bà mí," ló wí níkẹyìn.

Ó dìde, ó da kọfí inú ife elétí wúrà sí àgbàlá. Ó fa ife búlúù jáde lẹ́yìn àwọn ìkòkò, ó bu kọfí sí i, ó da ṣúgà lé e láìbéèrè.

"Gbà, kó tó tutù. Wo bó o ṣe gbẹ. Wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

Ife náà jó Otília níka, ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀ títí ó fi mu ún tán. Jolana gbà á, ó jù ú sínú abọ́ tí ife àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, Agáta béèrè ìdí tí wọ́n fi gba ife tó dára lọ́wọ́ Otília tí wọ́n fún un ní jákujàku. Otília ṣàlàyé fún un. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé míṣọ̀n, Agáta tún béèrè.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Máa lọ. Lọ́jọ́ tí Jolana bá bú ọ, wá sọ fún mi, a máa jó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sabína ọmọ-ọmọ Jolana dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé míṣọ̀n, omi ṣì ń kán lára irun tí wọ́n yà fún un, àwọn ọmọ apá òkè sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́.

"Ìyá àgbà ní bí ẹ bá tún kúrò ládùúgbò láìjẹun nílé wa, àwọn á fọ́ ife búlúù yẹn."

Otília ní òun ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n nu ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọlé.