Ohùn Tó Ṣáájú Ẹsẹ̀ Dé Topo

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọmọọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní yunifásítì, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní ìloro.

"Bàbá, ẹ wá wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù mi. Ẹ má tíì bú mi o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé e ni, ó ṣì rí jákujàku."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ bú ọ? Èmi tí mo jókòó sínú ọkọ̀ bí àpò iyọ̀, tí ìwọ ń ya ẹ̀yìn orí mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń yan ẹja ní Topo, ni fíìmù náà dá lé. Èmi ni mo mú ọmọ náà rékọjá ọ̀sà lọ́jọ́ tó lọ yà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún yín ná, kí ẹ má baà sọ pé kí ló dé tí àgbàlagbà ń jà nítorí ìkíni. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ní ìlú Badagry ni a ó sin wọ́n sí, ẹ̀gbọ́n mi ní Topo ni. Tèmi ló ṣẹ. Odidi ọdún mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ló ń bá wa jíṣẹ́. Ọjọ́ fíìmù yìí ni mo tó padà tẹ ilẹ̀ Topo. A kí ara wa ní èbúté títí omi fi gbẹ lára ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè orúnkún mi, mo béèrè ojú wọn tí èéfín ń ta. Kámẹ́rà gba gbogbo rẹ̀. Inú mi sì dùn, nítorí àwọn ẹbí wa ní Imeke ṣì ń sọ pé ìjà náà kò tíì parí.

Ọmọ náà tẹ nǹkan kan. Ọ̀sà yọ, ewéko ń léfòó kọjá, ọkọ̀ wa ń bọ̀. Imú ọkọ̀ kan iyanrìn. Kíá, ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò: "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí mo ti ń yan ẹja."

Mo ní, "Dúró. Ìkíni dà?"

"Mo gé e, Bàbá. Olùkọ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìkíni yín nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́rin!"

"Àlejò ti orí omi dé, wọn kò kí i káàbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n fi pàdé rẹ̀? Ṣé kí ayé lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú sí mi ni?"

"Ayé wo, Bàbá? Olùkọ́ mi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi ló máa wò ó."

"Àwọn ará Imeke náà á wò ó. O mọ̀ wọ́n."

Ó fọwọ́ lẹ́rán. Bí ìbẹ̀rẹ̀ náà bá gùn jù, olùkọ́ yóò dá a padà fún un. Èmi náà rò ó. Mo ti ń pa ìtàn fún ọmọdé tipẹ́, mo mọ̀ pé ìtàn tó bá pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà, oorun ni yóò bá àwọn olùgbọ́ lọ. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí ìyá wa. Wọn kì í dúró kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ kí wọ́n tó kí ará èbúté. Láti orí omi ni wọ́n ti máa ń rán ohùn wọn ṣáájú.

Mo ní, "Wo ibi tí a ti kù díẹ̀ kí a gúnlẹ̀. Awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ló fi ń tì wá lọ. Mo ti kí ẹ̀gbọ́n mi láti ibẹ̀."

Ó tú inú àwọn èyí tó ti kó dànù. Ó ki nǹkan bọ etí, ó tẹ́tí, ojú rẹ̀ là. Ó yọ ọ́ kí èmi náà lè gbọ́. Ìró ọ̀pá nínú omi. Lẹ́yìn náà, láti òkèèrè, ohùn ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú èdè Ègùn ilé ọkọ wọn: "Àbúrò mi, kúàbọ̀! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu omi!"

Ó gbé ohùn náà sábẹ́ àwòrán ọ̀sà. Ọkọ̀ ṣì wà lókèèrè, ìkíni ti dé. Nígbà tí a fi gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ti tó sọ. Kò sì pé ìṣẹ́jú méjì.

"Háà! Bàbá, ẹ ó bá mi lọ sí kíláàsì o!"

"Jẹ́ kí n gbọ́ tèmi náà ná."

Ó tún un tẹ̀. Ọ̀pá. Omi. Ẹyẹ kan ké. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá, ẹ kò dáhùn."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kí wọn!"

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

Ẹ̀yìn orí mi ló wà nínú àwòrán, mo tẹrí ba. Èmi àbúrò, èmi tí mò ń bọ̀ wálé, tó yẹ kí n kọ́kọ́ ké. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo ṣáájú. Mo ti sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi gbà á gbọ́.

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ lè dáhùn báyìí. Màá gbà á sórí fóònù, màá fi sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo ti láptọ́ọ̀pù náà padà síwájú rẹ̀. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á ní ẹ kò lẹ́kọ̀ọ́ o."

"Wọn kò ní parọ́."

Ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀, èmi nìkan. Nígbà tí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, tí mo rí èéfín ààrò wọn, mo di etí ọkọ̀ mú, mo ké: "Ẹ kú ilé o! Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o!"

Ọ̀pá kan omi lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn wọn tó dé láti etí ààrò.

"Ta ló ń pariwo lé mi lẹ́ja lórí yẹn? Ṣé fíìmù lo tún bá wá ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

"Ó dáa. Káàbọ̀. Rọra sọ̀kalẹ̀ o, orúnkún rẹ."