Ihò Kẹrìnlá Bàbá Struan

Mo máa ń fura. Ọkọ mi ní bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, màá kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn wò kí n tó wọlé. Kò burú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wattie Geddes, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Struan, fi gbẹ́ ihò sórí pápá gọ́ọ̀fù wa létí òkun ní Fife. Nígbà ìdíje ńlá, kì í ṣe òun ló ń yan ibi tí ihò máa wà. Màdáàmù Purvis, aláṣẹ ìdíje, ló ń kán ọ̀dà funfun bíńtín sórí koríko nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, Bàbá Struan á gbé irin tó fi ń gbẹ́hò, á gbẹ́ ojú àmì náà, á sì fi koríko tó bá hú níbẹ̀ dí ihò àná, tòun ti àmì lórí rẹ̀.

Lọ́dún yìí, Struan ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń díje. Baba ń gbẹ́ ihò, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń gé koríko ní ihò kẹrìnlá nígbà tí mo rí àmì ọ̀dà náà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ihò wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, lápá òsì, níbi tí bọ́ọ̀lù Struan máa ń yà sí gan-an. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Màdáàmù ni mo kọ́kọ́ sáré lọ pè, kì í ṣe Wattie. Nígbà tí Wattie náà dé, èmi ni mo kọ́kọ́ kò ó lójú.

"Bàbá Struan, ta ló ní kí ẹ gbẹ́ ẹ síbí?"

"Ojú àmì ni mo gbẹ́, Ina."

"Àmì wo? Òun rèé o! Àbí ẹ̀yin àti ọmọ yín ní àmì tiyín lọ́tọ̀ ni?"

"Ṣọ́ ẹnu ẹ o!"

Màdáàmù ò pariwo. "Wattie, tó bá jẹ́ pé torí Struan lẹ ṣe ṣe é, iṣẹ́ yín parí lónìí, a ó sì lé òun náà kúrò."

Bàbá ń fọwọ́ nu ojú rẹ̀ léraléra. Mo ní olè ń bẹ̀rù ni. Mo kúnlẹ̀ sídìí ihò àná, mo fi ọ̀bẹ hú koríko tó fi dí i jáde, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

Nǹkan wà lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ òkun ni, ó funfun, ó kéré, ó ti gbẹ mọ́ koríko.

Màdáàmù wò ó títí. "Ṣé èyí lẹ rò pé ọ̀dà ni?"

Bàbá Struan jókòó sórí koríko, ohun tí kò ṣe rí níṣojú mi. "Ó ti lé lọ́dún méjì tí ojú yìí ti ń ṣe bàìbàì. Ina, ò bá jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè ju kí wọ́n pè mí ní afọ́jú."

Ojú tì mí. Ìdíje ku wákàtí kan. Ó na irin náà sí mi.

"Ojú tìẹ mú. Gbà, gbẹ́ ẹ."

Mo gbà á. Àmì náà wà níwájú mi, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú mi, ìka ni mo fi ń wá a.