Ẹṣin Tí Kò Tíì Lẹ́sẹ̀

Ní Lugbe, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn kíákíá, wọn a júwe káfíńtà fún un. Bó bá ní òun fẹ́ èyí tí àlejò yóò dúró wò kó tó kàn án, wọn a júwe Jàbárù ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń fín igi, wọn a sì bá a kẹ́dùn nítorí yóò dúró pẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Jàbárù mọ̀: a fín ipele kan, a pa igi tì títí ojú ibẹ̀ yóò fi gbẹ, kó tó fín òmíràn. Igi tí wọ́n bá fi ìkánjú fín máa ń là. Ilẹ̀kùn ọ̀gá kan ní Maitama ló wà níwájú rẹ̀: ẹṣin mẹ́rin ń sáré tagbáratagbára, ẹsẹ̀ wọn ni kò tíì jáde.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, Màmúdù, ọmọ Ìlọrin tó ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá náà, kó géńdé méjì wá.

"Bàbá Jàbárù, Sátidé la ó ṣílé. Ilẹ̀kùn dà?"

"Ó ku oṣù kan."

"Kai! Lẹ́yìn oṣù méjì?"

"Màmúdù, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá ẹ fi lóyún ẹ, wo bó o ṣe rí. Ká ní ó tún wá kánjú ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bọ̀rọ̀ jẹ́. Màmúdù gbá Jàbárù létí, ó ṣubú. Wọ́n ń ta á nípàá ní ìhà, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ta sí gọ̀gọ̀ ẹṣin. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ikùn.

"Ẹ fọ́ orí mi, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀!"

Àṣìṣe ńlá. Màmúdù ò mọ ibi tó yẹ kó lù tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ, wọ́n tẹ́ ẹ lórí ilẹ̀kùn, Màmúdù sì fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Egungun dún bí igi tó gbẹ dáadáa.

Géńdé tó rẹ́rìn-ín ló sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ta ló wá máa fín ẹsẹ̀ ẹṣin?"

Kò sẹ́ni tó ti ronú débẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló gbé e sáré lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Maitama. Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gé ìka méjì, kó máa lọ sílé lọ́la, tàbí kí wọ́n to egungun, kó fi oṣù mẹ́ta dúró, bóyá yóò jinná.

"Ẹ gé e!" ni Màmúdù wí.

Jàbárù gbé ojú tó wú sókè. "Ẹ tò ó, dókítà. Ẹ má sì yára."

Wọ́n tò ó. Ìka kan kọ̀, kò tẹ̀ mọ́ títí dòní. Mẹ́rin yòókù ń di irin mú, ṣùgbọ́n wọ́n ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.