Àpá Abẹ́rẹ́ ní Oko Ọba

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọlé onílé, kí n máa béèrè ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní Oko Ọba, mo bi ìyá àgbà kan pé, "Mà, ọmọ mélòó ló wà nílé yìí?"

Ojú wọn le. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Inú bí mi. Ṣé mo fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ ni? Mo ti ń lọ nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn síta, tí wọ́n ń ká aṣọ wọn kúrò léjìká.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ìkókó kì í fi àpá sílẹ̀ ni? Àpá ni kó o kà!"

Mo kà á títí dórí ọmọ tó kéré jù. Èjìká rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀.

Ìyá àgbà wò ó, wọ́n sì pọ̀n ọ́n.

"Ó yá, bọ́ síwájú. Mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń gún un."