Ìbọn Tí Wọ́n Fi Gba Oko Lọ́wọ́ Mi

Mi ò tíì dárí ji àbúrò bàbá mi, mi ò sì ní in lọ́kàn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìlàjà, kó kọjá sí ilé kejì.

Bàbá mi ṣọdẹ ní Ṣakí títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Nígbà tó kú, ohun méjì péré ló fi sílẹ̀ tó ṣeé pín: oko kajú kan lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dú, àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ilé jẹ́ ti ẹbí. Èmi nìkan lọmọ, ìyá mi sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀sìn wa, ìdajì ni ti irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, ìyókù di ti àbúrò olóògbé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Oko yẹn ni mo ń wò ní tèmi, torí àwọn ìbejì mi fẹ́ wọ sẹ́kọ́ndìrì, ọkọ mi ò sì ríṣẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ààfáà tó fẹ́ bá wa pín in. Alàájì, àbúrò bàbá mi, gbé ìbọn náà sórí ẹní. Ó ti fi òróró pa á lára, ó ń dán.

"Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe èyí," ló wí, ó ń nàka sí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà láàárín ẹnu méjèèjì. "Irú ẹ̀ ti wọ́n lóde. Òun àti oko kajú yẹn, ọgbọọgba ni. Ìyá Ìbejì, gba ìbọn bàbá ẹ. Èmi á máa bá oko yí."

Inú bí mi. Ọkùnrin yìí ò yìnbọn rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń bá bàbá mi nu ìbọn yẹn láti kékeré. Mo tú u palẹ̀ níwájú wọn, mo yọ irin kúrò lára igi, mo dojú rẹ̀ dé. Lábẹ́ ẹnu ọ̀tún, òǹtẹ̀ àwọn tó ṣe é wà níbẹ̀. Lábẹ́ ẹnu òsì, kò sí nǹkan kan àfi ojú ibi tí alágbẹ̀dẹ ti jó o mọ́ èkejì, torí ojúlówó ẹnu òsì ti bẹ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní pírámárì. Mo gbé irin náà kọ́ sọ́wọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ lù ú. Ìbọn tó pé máa ń dún gooro. Èyí dún bí ìkòkò tó sán.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Alàájì, ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ìbọn yìí ò tó nǹkan kan!"

Ó ní òun ṣe tán láti fi Kùránì búra pé òótọ́ lòun sọ.

"Ẹ fi Kùránì sílẹ̀," ni mo wí. "Ẹ fi ahọ́n kan irin yìí, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ààfáà gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn èèyàn wa ti ń lọ Mẹ́kà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ fi ahọ́n kan irin parọ́ nílé ọdẹ. Àbúrò bàbá mi ò nawọ́. Gbogbo wa rí i. Mo rò pé oko ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo pe irin. O ní kò tó nǹkan kan, gbogbo wa la gbọ́. Fi ahọ́n kàn án, kó o tún un sọ. Bó o bá sọ ọ́, máa gbé oko lọ."

Mo gbé irin náà súnmọ́ ẹnu. Òórùn ẹ̀tù àti tábà bàbá mi ń jáde lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀tún kan ṣoṣo yẹn ló bọ́ mi, òun ló rán mi níléèwé, òun náà ló gbé mi dé ilé ọkọ. Ahọ́n mi ò jáde. Mo gbé e kalẹ̀.

Olè náà ti mọ̀ pé mi ò ní lè sọ ọ́. Ìdí tí mo fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn.

"Ó parí nù-un," ni ààfáà wí, ó sì ṣàdúrà.

Bí kajú bá ti pọ́n, àbúrò bàbá mi máa ń fi apẹ̀rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi nílé ọkọ mi ní Ìsẹ́yìn. Mo máa ń dá a padà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu ìbọn náà, àwọn ìbejì bi mí pé èló ni wọ́n ń ta irú ẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé oko kajú kan ni.